Orí òòlù afẹ́fẹ́ tí kì í dá àpá: èwo ló yẹ ṣọ́ọ̀bù yín?

Ríìmù Camry kan ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ìgbà òjò ni, ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Gáà-Akanbí, ní Ìlọrin. Ríìmù náà ti dógùn-ún mọ́ họ́ọ̀bù, irin tó jókòó lé. A ti tú gbogbo nọ́ọ̀tì, a ti fi ẹsẹ̀ ta táyà títí, kò mì. Mo ní kí n lọ jẹun díẹ̀. Kí n tó padà, ọmọṣẹ́ mi kan ti gbé òòlù afẹ́fẹ́, èyí tí afẹ́fẹ́ kọ̀mpirẹ́sọ̀ ń mú ṣiṣẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní éà-hámà, ó ti ki orí irin tó bá a wá nínú páálí bọ̀ ọ́, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ síṣẹ́. Ríìmù jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti gba ilà mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Alhaja tó ni mọ́tò kò pariwo. Ó wo ríìmù, ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ti di olóòlà?" Èmi ni mo ra ríìmù mìíràn.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá orí òòlù tí kì í dá àpá. Mo ti ra, mo ti ní kí wọ́n bá mi gbẹ́, mo sì ti ba púpọ̀ jẹ́. Gbogbo ohun tí mo rí kọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: orí òòlù tó dáa ni èyí tó gbà kí ara tirẹ̀ bàjẹ́ kí ohun oníbàárà má bàa bàjẹ́. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n sì ń gbà bàjẹ́, iye tí bíbàjẹ́ náà yóò ná yín kò dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan wé èkejì.

Ohun tí a óò fi wọ̀n wọ́n

Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo ojú rẹ̀. Ìdí ni apá tó ń wọ inú òòlù. Púpọ̀ nínú òòlù afẹ́fẹ́ tí mẹkáníìkì ń lò ló ń gba ìdí róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.401 ínǹṣì, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 10.2. Àwọn ńláńlá kan wà tó ń gba 0.498. Nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú tó ń ti Ṣáínà wá, òmíràn róbótó ni, òmíràn onígun mẹ́fà. Ìdí tó bá tín-ín-rín jù yóò máa jó nínú ihò, yóò sì máa jẹ ihò náà fẹ̀. Ẹ mú fáníà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn fífẹ̀ nǹkan, lọ sọ́jà tàbí kí ẹ gbé òòlù náà fúnra rẹ̀ dání. Bí ọlọ́jà bá ní "ó ń wọ gbogbo rẹ̀", ẹ ní kó kì í bọ̀ ọ́ lójú yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo líle rẹ̀. Ohun tó le ló ń dá àpá sára ohun tó rọ̀. Idẹ rọ̀ ju irin lọ, ìdí nìyẹn tí irin kì í fi í gba àpá lọ́wọ́ idẹ. Àmọ́ kò dájú pé idẹ rọ̀ ju álúmíníọ́mù tí wọ́n fi da ríìmù àti gíàbọ́ọ̀sì, ó sì le ju ọ̀dà lọ fíìfíì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n gbọ́ pé idẹ kì í dá àpá, wọ́n wá ń fi lu ohun gbogbo. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé orí kan kì í dá àpá, ẹ bi í pé: sára kí ni?

Ẹ tún wo iye agbára tó kù nígbà tí ìlù bá dé ojú iṣẹ́. Òòlù afẹ́fẹ́ kúkúrú lè lù ju ìgbà 3,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tó gùn kì í sáré tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 2,000 ni, ṣùgbọ́n ìlù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan wúwo ju ti kúkúrú lọ. Orí tó bá rọ̀ ń gbé nínú agbára yìí mì, agbára tó sì gbé mì ń di ooru nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí orí bá ṣe rọ̀ tó ni iṣẹ́ ń pẹ́ tó, bí iṣẹ́ bá sì ṣe ń pẹ́ tó ni kọ̀mpirẹ́sọ̀ ń jẹ epo tó. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé kọ̀mpirẹ́sọ̀ rẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Owó orí òòlù kì í ṣe èyí tí ẹ kà lé ọlọ́jà lọ́wọ́ nìkan.

Ó ku ohun méjì tí n kò ní fa gùn. Èkíní, kí ni orí náà ń fi sílẹ̀ lójú ohun tó lù? Àwọn kan kì í dá àpá, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi àwọ̀ tiwọn kùn ún. Èkejì, bó bá bàjẹ́ ní ọjọ́ Tuesday, ṣé ẹ lè rí òmíràn ní Ìlọrin kó tó di Wednesday?

Idẹ

Idẹ ni àgbà nínú wọn. Ó wúwo, ó ń gbé agbára dé ojú iṣẹ́, ooru tí òòlù afẹ́fẹ́ lè mú wá kò sì tó ohun tí yóò yọ́ ọ. Bó bá gbó tán, oní-kọ́ńdẹ́mù yóò san owó gidi lé e. Nínú gbogbo orí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, òun àti bàbà ni ẹ lè tà dáadáa lẹ́yìn tí wọ́n bá kú.

Irin ni kí ẹ fi lù: píìnì tó há, búṣìn irin, dúrọ́ọ̀mù búréèkì tó lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù, ṣáàfù tó kọ̀ láti jáde. Tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí táǹkì epo, ó tún ní àǹfààní kan tí irin kò ní, nítorí idẹ kì í ta iná bí ìgbà tí irin bá kọlu irin. Ìyẹn ò sọ pé kí ẹ máà kọ́kọ́ fa epo inú táǹkì o.

Lórí ọ̀rọ̀ ṣáàfù, ẹ dúró díẹ̀. Tírẹ́ẹ̀dì orí ṣáàfù, ìyẹn ilà tí nọ́ọ̀tì ń yí wọ̀, lè wó kódà lábẹ́ idẹ, pàápàá bí òòlù bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń dá nọ́ọ̀tì àtijọ́ padà sórí rẹ̀ títí ojú nọ́ọ̀tì àti ojú ṣáàfù yóò fi dọ́gba, kí n tó lù ú. Nọ́ọ̀tì ló ń gba ìyà tírẹ́ẹ̀dì. Lórí ọ̀pọ̀ ṣáàfù, ihò kékeré kan tún wà láàárín gbùngbùn orí rẹ̀, níbi tí léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí wọ́n lè fá a, ti dì í mú nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Orí irin ṣóńṣó tó bá jókòó sínú ihò yẹn ń ti ṣáàfù jáde láìfara kan tírẹ́ẹ̀dì rárá, ó sì ń gbé agbára ju idẹ lọ. Ẹ ò rí i pé orí irin náà lè jẹ́ orí tí kì í dá àpá, bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ ó fi sí.

Àléébù idẹ mẹ́ta ni. Ó ń fi àwọ̀ pupa-ofeefee sílẹ̀ lójú irin tó ń dán, ẹ ó sì ní láti nù ún. Bí ẹ ṣe ń lò ó, etí rẹ̀ ń fẹ̀ bí olú. Bí ẹ kò bá fi fáìlì gé etí olú yẹn kúrò, yóò máa fọ́ wẹ́wẹ́, yóò sì máa ta sí ojú ènìyàn. Ẹ̀kẹta ni ìwúwo. Ẹ mú ọ̀pá tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 25, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 50. Bó bá jẹ́ idẹ, yóò wọ̀n tó nǹkan bíi gíráàmù 210. Náílọ́ọ̀nù tó tóbi bákan náà kò ju nǹkan bíi 28 lọ. Òòlù kékeré tó ní láti máa ju gíráàmù 210 síwá sẹ́yìn, pẹ̀lú ìdí irin rẹ̀, yóò máa ṣe bí ẹni tó gbé ẹrù sórí sáré. Kí ojú idẹ yín má tóbi ju ohun tí òòlù yín lè gbé lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Mo ti rí irin tí wọ́n fi idẹ bò lásán, tó ń dán yẹ̀rì bí ẹ̀gbà ọrùn ìyàwó. Òòfà ni oògùn rẹ̀. Ẹ yọ òòfà ìdí lásìpíkà tó ti bàjẹ́ sápò kí ẹ tó lọ rajà ní Táíwò, ní Ìlọrin níbí. Òòfà kì í gbé idẹ. Ìdí orí náà lè jẹ́ irin, kò burú, ojú rẹ̀ ni kí ẹ fi òòfà kàn.

Náílọ́ọ̀nù

Kí n tó sọ ohunkóhun, náílọ́ọ̀nù tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń di búrẹ́dì sí. Láílọ́ọ̀nù ọjà, ìdílé mìíràn ni. Náílọ́ọ̀nù gidi ni èyí tí ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣe ní 1935, ike líle tí wọ́n fi ń ṣe jíà kéékèèké àti búṣìn inú ẹ̀rọ. Ọ̀pá rẹ̀ máa ń funfun bí eyín tàbí kó dúdú.

Òun ni mo fi rọ́pò orí irin tó kọ ilà fún ríìmù Alhaja, mi ò sì tíì kábàámọ̀. Ríìmù álúmíníọ́mù, ìdérí ẹ́ńjìnnì, gíàbọ́ọ̀sì tí a fẹ́ là sí méjì, ohun tí wọ́n fi ọ̀dà kùn: náílọ́ọ̀nù rọ̀ ju gbogbo wọn lọ, àyàfi ọ̀dà tó ti gbó. Kì í fi àwọ̀ sílẹ̀ tó bá jẹ́ funfun. Dúdú lè fi ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀dà funfun, ṣùgbọ́n ó ń nù kúrò.

Ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ooru. Náílọ́ọ̀nù kì í yọ́ títí ooru yóò fi dé nǹkan bíi 220 sí 260 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, bí irú rẹ̀ bá ṣe rí, àmọ́ ó ti máa ń rọ̀ tipẹ́ kó tó dé bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tẹ òòlù mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko láìjọ̀wọ́ rẹ̀, ojú náílọ́ọ̀nù yóò rọ̀, yóò sì yà bí etí olú. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta-mẹ́rin, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ wo bóyá nǹkan ti mì, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà kò mọ éà-hámà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọ̀tá kejì ni ọyẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Náílọ́ọ̀nù ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, omi tó mu yìí ló ń jẹ́ kó le dáadáa láìfọ́. Ní oṣù December àti January, tí ọyẹ́ bá gbẹ Ìlọrin títí ètè ènìyàn fi ń là, náílọ́ọ̀nù náà ń gbẹ, ó sì ń di ohun tó ń fọ́ wẹ́wẹ́. Orí méjì ló fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ọyẹ́ kan náà kí n tó lóye. Ní báyìí, bí ọyẹ́ bá ti dé, mo máa ń rẹ àwọn orí náílọ́ọ̀nù mi sínú korobá omi fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, àmọ́ àwọn tó ń ṣe jíà náílọ́ọ̀nù pàápàá ń mọ̀ọ́mọ̀ fún un lómi kí wọ́n tó lò ó.

Ọ̀tá kẹta ni iyanrìn, òun ló burú jù nítorí kì í pa orí òòlù, iṣẹ́ yín ló ń pa. Ohun tó bá rọ̀ ń gba iyanrìn sínú. Bí ọmọṣẹ́ bá sọ orí náílọ́ọ̀nù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó gbé e tó tún lò ó láìnù ún, iyanrìn tó ti wọ ojú rẹ̀ yóò máa họ ọ̀dà bíi sáńpépà. Orí tí kì í dá àpá ti di olóòlà padà. Àkísà tó mọ́ kò wọ́n. Ẹ so ọ̀kan mọ́ òòlù.

Ní ti owó, náílọ́ọ̀nù rọjú ju idẹ lọ, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó o. Orí idẹ kan lè sin orí náílọ́ọ̀nù mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́dọ̀ mi. Nítorí náà, èyí tí ojú rẹ̀ ṣeé tú kúrò ni kí ẹ rà, tí ìdí irin yóò wà títí, tó jẹ́ pé ojú nìkan ni ẹ ó máa pààrọ̀. Èyí tí wọ́n lẹ̀ tàbí tí wọ́n dà mọ́ ìdí lódindi, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

Àwọn mọ̀lẹ́bí náílọ́ọ̀nù

Ike méjì mìíràn wà tí wọ́n ń tà bí ẹni pé náílọ́ọ̀nù ni wọ́n. Ọ̀kan ni acetal, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Delrin. Kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi, nítorí náà ọyẹ́ kò rí i gbé ṣe. Ó dúró dáadáa, kò sì tètè yà létí. Àmọ́ ooru nǹkan bíi 175 ló ti ń yọ́, ní ìsàlẹ̀ náílọ́ọ̀nù dáadáa, nítorí náà ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta-mẹ́rin tí mo sọ yẹn, ẹ má kọjá rẹ̀. Èkejì ni UHMW, ike tó ń yọ̀ bí ọṣẹ lọ́wọ́. Kì í fọ́, bí ẹ bá lù ú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù, ó ń gbé agbára mì, kò sì fẹ́ràn ooru rárá. Nǹkan bíi 130 sí 136 ló ń yọ́. Àwọn pánẹ̀lì-bítà tó ń tún ara mọ́tò ṣe ló yẹ jù, níbi tí agbára púpọ̀ kò ti sí nínú iṣẹ́ náà.

Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ wọ́n yàtọ̀ nígbà tí ọlọ́jà ń pe gbogbo wọn ní náílọ́ọ̀nù? Ẹ gé ẹ̀já kékeré sínú ife omi. UHMW ń léfòó. Náílọ́ọ̀nù àti acetal ń rì. Láàárín àwọn méjèèjì tó rì, acetal ló wúwo jù lọ́wọ́. Àwọn kan ní kí a fi iná dán wọn wò. Ẹ má ṣe é, èéfín acetal máa ń ta ní ojú àti imú, kò dáa fún ènìyàn.

Bàbà, álúmíníọ́mù, rọ́bà

Bàbà rọ̀ ju idẹ lọ, ó sì wọ́n jù ú lọ. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ṣe, tí ohun tó ń lù jẹ́ irin olówó iyebíye tí a fá dán, lè rí ìdí láti rà á. Fún mẹkáníìkì, mi ò rí i.

Álúmíníọ́mù fúyẹ́, òòlù kékeré ń gbé e dáadáa. Àmọ́ ó ń fi ìlà aláwọ̀ eérú sílẹ̀ lójú ohun gbogbo, ó sì máa ń fọ́ létí. Ó rọjú, ìyẹn nìkan ló ní.

Rọ́bà? Ẹ tọ́jú owó yín. Lára òòlù ọwọ́, rọ́bà dáa. Lára òòlù afẹ́fẹ́, ó ń gbé gbogbo ìlù mì, ó ń fò padà, ó sì ń fi àmì dúdú sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń fi rọ́bà lu dúrọ́ọ̀mù búréèkì ní ẹ̀gbẹ́ wa pẹ́ débi pé kọ̀mpirẹ́sọ̀ ti gbóná kó tó gbà pé kò ní jáde.

Igi náà wà, nítorí mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò bi mí. Àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Òkèlélé ń fi igi lu amọ̀ tútù, ìkòkò wọn ń dọ́gba láìlà. Àmọ́ ọwọ́ wọn ló ń lù ú, òun ló mọ̀gbà tó yẹ kó dúró. Òòlù tó ń lù ní ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan yóò la igi ní ọ̀nà iṣan rẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Bí ẹ bá ní láti lo igi, ẹ gbé pátákó líle sáàárín orí òòlù àti iṣẹ́, kí ẹ dì í mú pẹ̀lú kílámù, ẹ má fi ọwọ́ dì í mú.

Kí wọ́n bá yín gbẹ́ ẹ

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ púpọ̀ nínú yín. Àwọn orí olójú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà ní òkèèrè dáa, àmọ́ ìgbà tí owó gbígbé e wá bá wọ̀ ọ́, ó ti kọjá ohun tí ṣọ́ọ̀bù kékeré lè ná. Ẹni tó ní ẹ̀rọ léètì ní Ìlọrin lè gbẹ́ ẹ fún yín ní ìdajì ọ̀sán.

Ẹ mú ṣíńsẹ́lì òòlù afẹ́fẹ́ tó ti gbó, ẹ má ju ú nù. Ìdí rẹ̀ ni ohun tí ẹ fẹ́, nítorí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti fún un ní líle àti ìwọ̀n tó yẹ. Kí wọ́n gé ojú ṣíńsẹ́lì kúrò, kí wọ́n fá orí ìdí tó kù, kí wọ́n sì ya tírẹ́ẹ̀dì sí i, mìlímítà 10 tàbí 12. Ṣíńsẹ́lì le, nítorí náà kí wọ́n fi iná mú kí ibi tí tírẹ́ẹ̀dì yóò wà nìkan rọ̀. Bí ooru bá dé apá tó ń wọ inú òòlù, ìdí yóò di rírọ̀, yóò máa tẹ́, yóò sì há mọ́ òòlù. Ẹni tó bá ń fi iná sí i kó wé àkísà tútù mọ́ ìdí. Mo ti rí ọ̀kan tó há. Wọ́n fi ayùn gé e jáde.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gé ọ̀pá náílọ́ọ̀nù àti ọ̀pá idẹ sí ojú, kí wọ́n lu ihò sí ìdí wọn, kí wọ́n sì ya tírẹ́ẹ̀dì kan náà sínú. Ìdí kan, ojú méjì. Ẹ ní kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ róbótó, wáṣà nípọn, sáàárín ìdí àti ojú náílọ́ọ̀nù, kí ìlù má bàa sọ tírẹ́ẹ̀dì inú ike náà di ayùn tí yóò gé e. Ojú ni kó fara ti wáṣà, kí tírẹ́ẹ̀dì kàn di í mú. Èyí ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀, ìdí sì nìyẹn tí orí tí wọ́n gbẹ́ fún wọn fi ń já ní ọjọ́ kejì. Ẹ kọ́ ẹni tó ń gbẹ́ ẹ.

Owó rẹ̀? Owó iṣẹ́ léètì àti ọ̀pá ike, pẹ̀lú idẹ tí oní-kọ́ńdẹ́mù wọ̀n fún yín. Nínú ìrírí mi, kò tó ìdajì ohun tí orí kan ṣoṣo láti òkèèrè ń ná, ìdí náà sì ti lò ju ojú mẹ́jọ lọ.

Àwọn ohun tí orí kankan kò ní gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀

Bẹ́rìn tí ẹ fẹ́ lò padà, ẹ má fi òòlù afẹ́fẹ́ sún mọ́ ọn, bó ti wù kí orí náà rọ̀ tó. Ìlù ń dá ọgbẹ́ sínú ibi tí bọ́ọ̀lù ń yí, ẹ ò ní rí i, oníbàárà ni yóò gbọ́ ọ bí mọ́tò bá ti ń sáré lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpó. Púlà, irinṣẹ́ tó ń fà á jáde, ni kí ẹ lò.

Ẹ má tẹ òòlù nígbà tí orí rẹ̀ kò tíì fara ti ohunkóhun. Sípíríǹgì tó di orí mú lè já, orí yóò sì fò jáde. Ti idẹ, ohun tó wúwo tó gíráàmù 210, kì í ṣe eré. Ẹ fi gíláàsì sójú, kí ẹ dí etí. Ariwo tó bá kọjá décíbélì 85 fún wákàtí mẹ́jọ ti tó láti ba etí jẹ́, òòlù afẹ́fẹ́ sì kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Afẹ́fẹ́ tí púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́ kò ju 90 psi lọ, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì. Bí nǹkan kò bá jáde ní 90, epo tí ń tú ìpẹtà àti sùúrù ló kù, ẹ má fi kún afẹ́fẹ́. Ní ìgbà òjò, ẹ máa da omi inú táńkì kọ̀mpirẹ́sọ̀ nù láràárọ̀, kí ẹ kán epo díẹ̀ sí ẹnu òòlù.

Èwo ni tiyín?

Mẹkáníìkì tó ń ṣe tòkunbọ̀ lónírúurú: ìdí kan, ojú idẹ àti ojú náílọ́ọ̀nù, tí wọ́n gbẹ́ ní léètì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀kan nínú wọn kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni owó yín ká, tí iṣẹ́ yín sì jẹ́ ṣáàfù, búṣìn àti dúrọ́ọ̀mù, ẹ mú idẹ. Bó bá jẹ́ ríìmù àti gíàbọ́ọ̀sì ló pọ̀ níwájú yín, ẹ mú náílọ́ọ̀nù.

Fọkanáísà tí ríìmù nìkan ni wàhálà rẹ̀: náílọ́ọ̀nù funfun, kò sí àní-àní. Ẹ tú àwọn nọ́ọ̀tì díẹ̀, ẹ má yọ wọ́n tán, kí ríìmù má bàa já lu ẹsẹ̀ ènìyàn. Ẹ lù ú láti ẹ̀yìn, ẹ máa yí i ká, ẹ má dúró lójú kan. Bó bá jáde, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ìpẹtà ojú họ́ọ̀bù, kí ẹ fi gíríìsì fẹ́lẹ́ pa àárín rẹ̀, kó má bàa há mọ́ ìgbà mìíràn. Kí gíríìsì má kan ibi tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀.

Pánẹ̀lì-bítà: UHMW fún ibi tí ọ̀dà ṣì wà, acetal fún ibi tí ẹ ti fá ọ̀dà kúrò.

Ẹni tí kọ̀mpirẹ́sọ̀ rẹ̀ kéré, bíi ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá ọ̀nà láti Ọ̀fà títí dé Òmù-Àrán: idẹ, ṣùgbọ́n kí ojú rẹ̀ kéré, mìlímítà 18 tàbí 20. Afẹ́fẹ́ inú táńkì kékeré kì í pẹ́ tán, orí tó ń ṣiṣẹ́ kíákíá ló yẹ ẹ. Fún ohun tó jẹ́ álúmíníọ́mù, ẹ fi òòlù ike ọwọ́ lù ú, kí ẹ jẹ́ kí kọ̀mpirẹ́sọ̀ sinmi.

Bí kò bá sì sí léètì nítòsí yín, ẹ kò nílò láti wá sí Ìlọrin fúnra yín. Ẹ fi ṣíńsẹ́lì àtijọ́ kan rán awakọ̀ tó ń bọ̀ ní gáréèjì Ọ̀fà, ẹ kọ "ojú 20 idẹ, ojú 25 náílọ́ọ̀nù, ẹ fi wáṣà sáàárín" sára ìwé, kí ẹ fi téèpù wé e mọ́ ọn. Bí mo ṣe ń fi ránṣẹ́ padà fún àbúrò mi ní Òmù-Àrán nìyẹn, a sì ti ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹta.